Agogo Tó Pè Wọ́n Wọlé

Ẹni tí iná bá ń lé, ẹnu ọ̀nà ló ń sá sí. Kò sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni níyẹn. Adìyẹ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú àwọn obìnrin méje tí wọ́n gbé òkú wọn jáde ní ilé iṣẹ́ fóòmù tó wà lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mẹ́rin kú sí. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣì wà lórí irin tí wọ́n ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ lè sáré, bí ẹni pé iṣẹ́ ló ń bá lọ nígbà tí èéfín dúdú já lé e. Àwọn mẹ́ta yòókù rọ́ mọ́ ara wọn lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí ilẹ̀kùn kejì yẹ kó wà. Ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Fóòmù tí kò rí ẹni rà á ni wọ́n tò dí i dé àjà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Bísọ́dún Kìtán dúró sáàárín èédú, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Kílẹgbọ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́, torí pé níbi tí ọlọ́pàá mìíràn ti ń bèèrè pé, "Kí lẹ rí?" ohun tí òun ń bèèrè ni pé, "Kí lẹ gbọ́?" Ó ní ojú a máa tan olójú jẹ, etí kì í ráyè purọ́. Ó lè jẹ́ àwáwí lásán ni o, nítorí ojú òun alára kò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà, awò sì ti di ọjà olówó láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó mú gbogbo nǹkan wọ́n, ti dé.

"Bísọ́dún, kí lo tún ń wá?" Ọ̀gá rẹ̀, Ayọ̀kúnlé, ló ń sọ̀rọ̀ láti ìta; kò fẹ́ kí èédú kan bàtà òun. "Bàbá ọlọ́dẹ, Làmídì, ti jẹ́wọ́. Lọ́la là ń gbé e lọ sí kóòtù."

"Ọ̀gá, ta ló ń jókòó ti ẹ̀rọ nínú ilé tó ń jó?"

"Ẹni tí wọ́n bá tàn wọlé ni. Kò síná lọ́jọ́ náà, abẹ́ odán ni àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí lẹ́yìn ọ́fíìsì. Làmídì lu agogo tó máa fi ń pè wọ́n bí iná bá dé, gbogbo wọ́n sì sáré wọlé. Àwọn oníná kò sì mú iná wá. Iná tó fi sí sítọ́ọ̀ ló pè wọ́n wá bá."

"Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

"Máníjà ti sọ fún un pé oṣù yìí ni yóò ṣe mọ. Ẹni tí inú ń bí, kí ni kò lè ṣe?"

Kìtán wọ inú èédú lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ibi tí sítọ́ọ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó fi igi tú eérú. Ó rí ìdérí agolo mílíìkì kan, ìda àbẹ́là ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ sun ilé onílé, kì í fi ìdérí agolo tẹ́ àbẹ́là kó má baà ta sílẹ̀. Ó fi ìyẹn sí ọkàn rẹ̀.

Ó jáde sí ìta. Ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà ọlọ́dẹ, nítòsí géètì, ni agogo náà wà. Ríìmù tírélà ni wọ́n so rọ̀ sára òpó irin, òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sórí pátákó lókè: AGOGO INÁ. Kìtán kà á, ó mi orí, ó kọjá lọ. Abọ́ tánńganran kan dojú dé sídìí òpó náà, aṣọ ìnura tí wọ́n fi dì í ti tú, ọbẹ̀ dúdú kan sì ti gbẹ mọ́ ilẹ̀. Ó rò pé oúnjẹ ọlọ́dẹ ni.

Ọdún náà le. Ta ló gbàgbé? Iṣẹ́ kò sí, ẹni tó rí iṣẹ́ kò rí iná fi ṣe é, jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ sì ti di ibi tí aláǹgbá ń yé sí nítorí kò sí díísù. Iye ìbòrí fóòmù tí obìnrin kan bá rán ni wọ́n fi ń sanwó fún un, iná sì lè dé kó má pẹ́ tó bí ènìyàn ṣe ń jẹun tán. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbọ́ agogo, eré ni. Ẹni tó bá rìn, ọmọ rẹ̀ ni yóò fi ebi san án.

Làmídì jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún bí ẹni tó ń ṣe àdúà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó, ilà ibi tí iná ti jó o sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá ní ìbú.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú," ni Kìtán wí.

"Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́."

"Kí lẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo lu agogo. Mo ti sọ fún wọn."

"Kí ló dé tí ẹ fi lù ú?"

"Èmi ni mo lù ú."

"Mo bi yín ní ìdí rẹ̀, ẹ ń sọ ẹni tó ṣe é fún mi. Ó dáa. Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Iná ló jó mi."

"Irin fèrèsé ló jó yín, Bàbá. Mo rí fèrèsé náà. Láti ìta ni wọ́n ti fà á tu. Ẹni tó tan ènìyàn wọ inú iná, ṣé ó tún máa ń fi ọwọ́ lásán fa irin gbígbóná kó lè yọ wọ́n?"

Bàbá yí ojú sí ògiri. Ó ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi. Mo ti dàgbà. Ẹ má bèèrè mọ́."

Kìtán ti bá olè pàdé, ó ti bá apànìyàn pàdé, gbogbo wọn ló máa ń bẹ̀ ẹ́ kó gbà pé àwọn kọ́ ni. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ òun, Làmídì ni àkọ́kọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá yìí ń fi ara rẹ̀ bo ẹnìkan.

Ọsibítù ni Kìtán gbà lọ. Ṣùkúrátù wà lórí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi báńdéèjì di apá rẹ̀. Ọmọ àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà Ọba ni, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí. Nínú àwọn tó yè, òun ló lè sọ̀rọ̀ jù.

"Kí lo gbọ́, arábìnrin?"

Ọmọbìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ wá kò bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé agogo dún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ta ló máa ń lù ú, mo ní Bàbá Làmídì ni. Wọ́n ní ó tó."

"Tèmi kò tíì tó. Báwo ni agogo náà ṣe dún?"

"Kò dún bó ṣe máa ń dún, sà. Bí iná bá dé, Bàbá máa ń lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ ni, á dúró, á tún lù ú, bí ẹni tó ń fọ́ ẹyin. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ń lù ú láìmí. Wúrà, ọ̀kan nínú wa, ní, 'Inú Bàbá mà dùn lónìí o! Iná ọ̀hún á pẹ́.' Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín." Ó di etí aṣọ ibùsùn mú. "Ẹ̀rín la rín wọlé, sà. Wúrà ló ṣíwájú wa, òun ló máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá."

Kìtán dúró títí ó fi nu ojú. "Yàtọ̀ sí agogo ńkọ́?"

"Ẹnìkan ń pariwo. 'Uná! Uná o!' A rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ló ń yọ̀. Àwa náà gbè é. Èmi gan-an pariwo pé, 'Iná dé o!'"

"'Uná' ni tàbí 'iná'?"

"Uná, sà. Bí àwọn ará ibí ṣe ń pè é."

"Bàbá Làmídì ńkọ́?"

"Òun ló fà mí jáde lójú fèrèsé. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, omi àlùwàlá ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé òun ló fẹ́ pa wá?"

Kìtán kò fẹ́ dá a lóhùn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọsibítù, ó ń tò ó pọ̀. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ kò lè máa lu agogo ní géètì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Làmídì. Ó lè gbé Àkúrẹ́ títí eyín rẹ̀ á fi ká, bí ẹ̀rù bá bà á lójijì, "iná" ni ẹnu rẹ̀ máa pè. Ẹni tó ké "uná", ará ibí ni, tàbí ará ọ̀nà Oǹdó lọ́hùn-ún.

Orí ta ni ọkàn rẹ̀ lọ? Orí máníjà. Adéṣínà, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé, ẹni tí fóòmù rẹ̀ kò tà, tó sì ti kówó sí àdéhùn adójútòfò pé bí ilé iṣẹ́ bá jóná, wọn yóò san án padà. Kìtán lọ bá a ní ọgbà ilé iṣẹ́ náà, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ohun tó kù.

"Kí lẹ gbọ́ lọ́jọ́ tí iná jó?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Mo wà ní báńkì ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn. Ẹ lọ bi wọ́n. Títí uná fi parí ni mo tò sórí ìlà."

Kìtán rán ènìyàn lọ bi wọ́n lóòótọ́. Òótọ́ ni. Àwọn mẹ́ta ló jẹ́rìí pé ó ń bú akọ̀wé báńkì ní àkókò náà gan-an. Bí ẹni tó ń lé ehoro títí tí ehoro wá di kùkùté, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Adéṣínà jẹ́ lójú Kìtán. Ṣùgbọ́n kò lọ.

"Ta ló ń tan àbẹ́là nínú sítọ́ọ̀?"

"Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ó ti sá lọ sílé wọn láti ọjọ́ náà."

"Àbẹ́là, láàárín fóòmù àti gọ́ọ̀mù?"

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ wá díísù fún mi, n ó tan gílóòbù."

"Agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná ńkọ́?"

"Ó wà. Mo tì í mọ́ ọ́fíìsì mi, kí wọ́n má baà jí i."

Ẹ̀rín òṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kìtán. "Ẹ̀yin lẹ ra agogo yìí?"

"Èmi ni. Àwọn tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò ló yọ mí lẹ́nu lọ́dún tó kọjá, pé mo gbọ́dọ̀ ní agogo iná, mo gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn kejì. Mo so agogo, mo kọ ọ́ sókè gàdàgbà. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n rí i, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́."

Kìtán gbójú sókè wo pátákó náà. Ó ti kà á rí, ojú rẹ̀ ló kà á. Ọkàn rẹ̀ ló bá a túmọ̀ rẹ̀ bí ti gbogbo ayé. Ìlú tí iná kì í sí, ta ló máa rí "iná" lára ògiri tí kò ní rò pé gílóòbù ni?

"Agogo kí ni?" ló bèèrè.

"Agogo iná."

"Iná wo, ọ̀gá?"

Adéṣínà wo pátákó náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Èyí tó ń jóni ni, àbí èyí tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́?"

"Èyí tó ń jóni ni wọ́n ní kí n ṣe é fún," ni máníjà wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ilé kò jó, agogo kàn rọ̀ síbẹ̀ lásán. Mo ní kí Làmídì máa fi pe àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí iná bá dé, kí wọ́n má baà fi àkókò ṣòfò."

"Ǹjẹ́ ẹ sọ fún wọn rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ wọ́n lè máa sá jáde?"

Adéṣínà wolẹ̀. Kìtán sì lọ dúró sídìí òpó. Ó ti rí i báyìí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbà pé agogo náà ń pe ènìyàn wọlé. Ẹnìkan ṣoṣo tó lè gbà pé ó ń pe ènìyàn jáde ni àlejò, ẹni tó kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tó sì ń pe iná ní uná. Ó gbé abọ́ tánńganran náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Marúgbó ni, ọbẹ̀ dúdú àwọn ará Oǹdó. Ta ni ń se marúgbó fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́?

"Èwo nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ló wá láti Oǹdó?"

"Wúrà nìkan ni. Ó wà lára àwọn tó kú. Ìyá rẹ̀ ni obìnrin tó dákú síbí lọ́jọ́ náà, tí àwọn èèyàn wọn gbé lọ."

Gbogbo ènìyàn ló rí obìnrin náà nígbà tó ń sunkún. Kò sí ẹni tó bèèrè ìgbà tó dé. Kìtán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó gbé orí lé ọwọ́. Ó wá mọ ẹni tí Bàbá Làmídì ń fi ara rẹ̀ bò, ó sì dùn ún pé òun mọ̀ ọ́n.

Bọ́ọ̀sì tó gbé e lọ sí Oǹdó kún fún ọ̀rọ̀ ẹnu, kò gbọ́ ọ̀kankan. Ní àdúgbò Yàbá ni wọ́n júwe ilé Agnes, ìyá Wúrà, fún un. Obìnrin tó ti tó ọgọ́ta ọdún ni, opó ni, igi kòkó díẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi tọ́ Wúrà, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Ó fi àkísà wé ọwọ́ ọ̀tún.

"Jókòó, ọma mi," ló wí fún un. "Ṣé ọlọ́pàá ni ọ́? Wọ́n ní wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é."

"Wọ́n ti mú ẹnìkan, Màmá. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún mi."

"Mo gbé oúnjẹ lọ fún un ni. Ó ní marúgbó ń wu òun. Mo dé géètì, n kò rí ẹnì kankan, gbogbo ibẹ̀ dá. Mo kàn rí èéfín tó ń yọ lójú fèrèsé kékeré kan. Mo ní yéè, inú ilé yìí lọma mi wà! Mo gbójú sókè, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́, agogo iná. Mo ní Olúwa, o ṣeun, àwọn tó ni ibí gbọ́n. Mo ju oúnjẹ sílẹ̀, mo gbá òòlù mú. Mo lù ú títí ọwọ́ mi fi bó. Mo ń ké, 'Uná! Uná o!' Mo rò pé wọ́n á máa tú jáde. Ẹnì kankan kò jáde."

Ó tú àkísà ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó wo egbò náà, ó tún wé e padà. Ó fẹ́ràn egbò náà. Ènìyàn lè rí i lójú rẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí n lè sùn nìyẹn," ló wí. "N kò sá. Mo pe ọma mi. Bóyá kò gbọ́ ni."

Kìtán mọ̀ pé òun lè kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí òun mú un fọwọ́ sí i, kí òun sì lọ. Ìyẹn nìkan tó láti yọ Làmídì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kóòtù ń bọ̀. Lọ́yà kan á dìde pẹ̀lú aṣọ dúdú, á sọ ọ́ sí i létí níwájú gbogbo ayé pé òun ló fi agogo kó wọn wọ inú iná. Tàbí kí òun padà sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ẹnu dídì, kí bàbá arúgbó gba ẹ̀bi tó tọrọ. Ẹnìkan á kú, ẹnìkan á máa sùn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, kò tíì sí ọjọ́ tí òtítọ́ kóríra rẹ̀ tó báyìí.

"Màmá," ló wí. "Ó gbọ́."

"Ó gbọ́?" Ojú obìnrin náà tàn. Ìyẹn ló burú jù. "Ó gbọ́ ohùn mi? Kí ló wá dé tí kò jáde?"

"Wọn kò sí nínú ilé, Màmá. Kò síná lọ́jọ́ náà. Abẹ́ odán ni wọ́n jókòó sí, lẹ́yìn ọ́fíìsì, ẹ kò lè rí wọn láti géètì, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n sì gbà wọlé kò kọjú sí yín. Agogo yẹn ni wọ́n ti sọ di èyí tí wọ́n fi ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wá sídìí ẹ̀rọ bí iná mànàmáná bá dé. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní èkejì. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ ṣe ohun tó tọ́. Ẹni tó yí agogo náà padà ni mo máa mú."

Agnes kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. "Ìta ló wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìta lọma mi wà, tó jókòó, tí nǹkan kan kò ṣe é."

Kìtán kàn mi orí. Ó dúró de igbe. Igbe kò wá. Obìnrin náà jókòó, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lé e lórí ẹsẹ̀. Adìyẹ kan wọlé, ó ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀, ó jáde. Agnes ní, "Bàbá tí ẹ tì mọ́lé, ṣé ó mọ̀?"

"Ó rí yín nídìí agogo."

"Ó sì ní òun ni?"

"Òun ló ní òun ni. Ó ní kí n má bèèrè mọ́."

Ó dìde, ó wá gèlè, ó wé e, ó tú u, ó tún un wé. "Mú mi lọ bá a," ló wí.

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá l'Àkúrẹ́. Agnes sọ gbogbo rẹ̀ níwájú Ayọ̀kúnlé, ó sì tẹ̀ka sí i. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí tábìlì, kò sì sọ nǹkan kan nípa kóòtù mọ́. Sájẹ́ǹtì méjì ló rán pé kí wọ́n lọ mú Adéṣínà wá, kí wọ́n sì wá akọ̀wé sítọ́ọ̀ rẹ̀ kàn níbikíbi tó bá wà.

Kìtán ló kọ́kọ́ wọlé lọ bá Làmídì. Bàbá wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀.

"O bèèrè," ló wí. Kò pè é ní ọ̀gá mọ́. "Mo bẹ̀ ọ́, o sì bèèrè!"

"Wọn ì bá yẹgi fún yín, Bàbá."

"Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́! Tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ni. Tirẹ̀, àràárọ̀ ni yóò máa jí bá a." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ṣé o mọ ohun tó kù? Mo sáré láti ìdí àlùwàlá. Mo rí wọn bí wọ́n ti ń wọlé. Mo rí ọmọ rẹ̀ gan-an, òun ló wà níwájú. Mo ké, 'Ẹ má wọlé! Ẹ dúró!' Mo ké títí ọ̀fun mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Agogo kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi."

Kìtán fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Agnes ti wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́pàá kan ló mú un wá. Kò jọ pé ó ti gbọ́. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà lórí símẹ́ńtì.

"Ẹ dìde, ìyá ọmọ," ni Làmídì ń wí. "Ẹ dìde, mo bẹ̀ yín. Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ mà ṣeun o." Kò dìde. Ó gbé ojú sókè. "Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ̀yin lẹ rí i kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń wọlé, ṣé ẹ pè wọ́n? Ṣé ẹnì kankan ké sí ọma mi pé kó má wọlé?"

Làmídì kò wo Kìtán. Ojú obìnrin náà nìkan ló ń wò.

"Rárá," ló wí. "N kò ké. Ẹ̀rù bà mí, ìyá ọmọ, ohùn mi há. N kò ké rárá. Ẹ forí jì mí."

Agnes na ọwọ́ rẹ̀ tó bó, ó gbé e lé ọwọ́ bàbá tó bó, ó ní òun forí jì í. Kìtán ṣí bíró rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí Bàbá ṣe sọ ọ́.